Bí Àwọn Ọmọ Iléèwé Òkèèrè Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Wá Kọ́ Oúnjẹ Wa ní Àjàṣẹ́

Nígbà tí mo wà ní iléèwé girama ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ọmọ iléèwé kan wá kí wa láti ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n lò. A jó, a kọrin, a ya fọ́tò. Tí ọ̀sán bá pọ́n, wọn a kó wọn wọ yàrá ọ̀tọ̀, wọn a gbé sípàgẹ́tì àti sàdíìnì inú agolo síwájú wọn, nítorí àwọn àgbà iléèwé ti pinnu pé òyìnbó ò lè jẹ oúnjẹ wa. Àwa wà lábẹ́ igi, à ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tí a rà lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọbìnrin kan nínú wọn jáde wá bá wa, ó nawọ́ sí ẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo gé ìdajì fún un. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó wá bi mí pé ta ló gbin àgbàdo rẹ̀.

Mi ò mọ̀. Ojú tì mí gan-an lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí ìtàn yìí.

Ogun ló bí pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí a mọ̀ lónìí. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ AFS (American Field Service) sílẹ̀ lọ́dún 1915, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ní Faransé. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, wọ́n rí i pé ọgbẹ́ á tún wà láti gbé bí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan ò bá mọ ti èkejì. Lọ́dún 1947 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ iléèwé girama láti òkèèrè sínú ilé àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1963, de Gaulle, ààrẹ Faransé, àti Adenauer, olórí ìjọba Jámánì, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọ̀rẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì, iye ọ̀dọ́ tó sì ti gba ibẹ̀ kọjá ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n èdè àti àlàáfíà ni wọ́n ń wá. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló wà nínú ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ àyíká dé lẹ́yìn wọn. Ìpàdé àjọ àgbáyé (UN) ní Stockholm lọ́dún 1972 ló gbé e dìde, ti Tbilisi lọ́dún 1977 sì sọ pé dandan ni kí iléèwé máa kọ́ ọmọ nípa rẹ̀. Lọ́dún 1984, Faransé ṣe òfin tuntun fún àwọn iléèwé iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn, ó sì fi bíbá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣiṣẹ́ pọ̀ àti gbígba akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè lálejò kún iṣẹ́ wọn. Láti ìgbà náà, ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sin màlúù ní Faransé lè sọ pé òun fẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń sin ọ̀yà ní ilẹ̀ wa.

Ibo ló máa ti wá wò ó? Ibí ni ìtàn náà ti di ti Àjàṣẹ́.

Fáàdá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, àlùfáà ẹgbẹ́ Dominican, ń kọ́ni ní yunifásítì ní California nígbà tí ìyàn mú ní Etiópíà. Àwòrán àwọn tí ebi ń pa lórí tẹlifíṣọ̀n kò jẹ́ kó rójú sùn mọ́. Ó padà sí Áfíríkà, ó wá ilẹ̀ tó lè fi gbìyànjú ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìjọba Benin ló fún un, nígbà tí Mathieu Kérékou ń ṣe ìjọba, tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ti Marx àti Lenin, àwọn tí kò gba ti ẹ̀sìn. Ìjọba irú ìyẹn fún àlùfáà ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀! Ní agbègbè Wàndó ni, hẹ́kítà kan péré, ilẹ̀ tó ti ṣá, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Ọdún 1985 ni. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí iléèwé ò gbè jọ, ó sì sọ ibẹ̀ ní Songhaï, orúkọ ilẹ̀ ọba ńlá tó wà ní Gao láyé àtijọ́.

Lónìí, oko náà ti lé ní hẹ́kítà 20. Ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Savalou, ó wà ní Parakou, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà náà sì ti wá mú irúgbìn ìmọ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́dún 2008, àjọ àgbáyé kà á sí ibi àwòkọ́ṣe fún Áfíríkà.

Èmi tí mo di olùkọ́, mo ti mú àwọn ọmọ wa àti àlejò wọn dé ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo máa ń dúró dè. Abọ́ ńlá kan wà létí adágún ẹja, ìfun adìẹ àti ìgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀, eṣinṣin bò ó. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ lé àwọn ọmọ sẹ́yìn. Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ á gbọn ìdin sínú igbá, á dà á sómi, omi á ru gùdù, ẹja àrọ̀ á yọ ẹnu gbàgàdà. Ó máa wá mú wọn tẹ̀lé omi adágún yẹn lọ sórí ebè ẹ̀fọ́. Ìgbẹ́ ẹran ló ń di gáàsì ìdáná, àní koríko tó ń léfòó tó ń dí ọ̀sà wa, wọ́n ń rí i lò níbẹ̀. Bí ọ̀sán bá tó, ẹja náà á wà nínú àwo. Mo rí ọmọkùnrin Faransé kan tó ń fi ìka ka ọ̀nà náà kó tó bu òkèlè: adìẹ, eṣinṣin, ìdin, ẹja, omi, ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn náà ló jẹun, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Orí àkìtàn ni ìyá àgbà mi ń gbin ẹ̀fọ́ tètè sí. Mo gbà pé ohun tí òun náà mọ̀ nìyẹn, òun kàn ò ní hẹ́kítà tó máa fi hàn wọ́n.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé oúnjẹ tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀ pàápàá rìn ìrìn àjò. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ló gbé wọn dé etíkun wa. Gbáàgúdá tí àwọn mìíràn ń pe ẹ̀gẹ́, ẹ gbọ́ bí orúkọ Àgùdà, tí àwọn baba wa fi ń pe àwọn Potogí, ṣe ń dún nínú rẹ̀. Àwọn ìdílé Àgùdà tó ti Brazil padà wá ṣì wà láàárín wa ní Àjàṣẹ́. Bí wọ́n bá ń ṣọdún Bonfim, ọdún tí wọ́n mú bọ̀ láti Brazil, ní oṣù kìíní, ẹ̀wà tí àwọn baba wọn kọ́ sísè lọ́hùn-ún ni wọ́n ń sè. Ọmọ òkèèrè tó bá gbọ́ èyí kì í wo ẹ̀kọ bí ohun àjèjì mọ́. Ọmọ wa náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá rẹ̀ léèrè ibi tó ti ra àgbàdo.

Ohun kan ló ń dùn mí. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ òkèèrè ni wọ́n sì ń wá jù. Àwọn tiwa tó ti lọ kéré níye, nítorí ìwé ìrìnnà. Ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi ló kọ́ àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń po ògì kó má baà ṣù, ó sì dúró tì wọ́n nídìí iná títí tí ẹ̀kọ fi ki. Iléèwé wọn ti kọ lẹ́tà pè é pé kó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà lọ́dọ̀ àwọn. Lẹ́tà náà wà nínú àpótí ìyá rẹ̀. Wọ́n ti lọ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀mejì nítorí físà, wọ́n sì ń múra àtilọ lẹ́ẹ̀kẹta.