Ta ló ń yan olúborí bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà? Kì í ṣe NCAA

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ló ń fúnni ní ife bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń fúnni ní ti básíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1978 ni NCAA ti ń ṣe ìdíje fún FCS, ìpele tó tẹ̀ lé ti òkè pátápátá, ti Division II àti Division III tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti wà láti 1973. Ṣùgbọ́n ní FBS, ìpele òkè pátápátá tí Alabama, Ohio State àti Notre Dame wà, àjọ náà kò fún ẹnikẹ́ni ní ife rí. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kàn ń to orúkọ àwọn tí ẹlòmíràn ti yàn ni. Ẹni tí kò bá mọ èyí, awuyewuye tó ń bẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo oṣù Kejìlá kò lè yé e.

Bowl ni wọ́n ń pe eré àkànṣe tí wọ́n ń gbá ní ìparí sáà. Ní 1902 ni Rose Bowl kọ́kọ́ wáyé, àwọn bowl mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn ìlú àti àwọn oníṣòwò ló dá wọn sílẹ̀, olúkúlùkù sì bá líìgì tó wù ú ṣe àdéhùn, torí líìgì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ pín ara wọn sí. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kìíní àti èyí tó wà ní ipò kejì lè má pàdé títí sáà á fi parí. Ní 1984, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà gba àṣẹ lórí eré orí tẹlifíṣọ̀n kúrò lọ́wọ́ NCAA. Ó di ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti líìgì wọn, àwọn ló sì ń pinnu láti ìgbà náà.

Ìbò ni wọ́n fi ń yan olúborí. Àwọn oníròyìn tó ń dìbò fún ilé iṣẹ́ ìròyìn AP bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1936, àwọn kóòṣì bẹ̀rẹ̀ ní 1950, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi jẹ́ pé kí wọ́n tó gbá bowl ni wọ́n ti ń ka ìbò ìkẹyìn. Ní 1973, àwọn kóòṣì ti fi Alabama ṣe olúborí tán kí Notre Dame tó nà án 24 sí 23 ní Sugar Bowl. Alabama kò dá oyè padà. AP, tó dúró di ẹ̀yìn eré, yan Notre Dame. Ní 1974 ni àwọn kóòṣì tó sún ìbò wọn sẹ́yìn bowl. Síbẹ̀, ní 1990, 1991 àti 1997, ìbò méjèèjì yan ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn mìíràn á ní kí a sáà wo iye eré tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan borí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní 2024, ẹgbẹ́ 134 ló wà ní FBS, kálukú sì ń gbá eré 12 kó tó kan àṣekágbá líìgì. Ní Premier League, ẹgbẹ́ 20 péré ni, gbogbo wọn ló sì ń pàdé nílé àti lóko. Bí ẹgbẹ́ 134 yìí bá máa pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, eré 8,911 ni yóò jẹ́. Èyí tó ń wáyé láàárín wọn kí àṣekágbá líìgì tó dé kò tó 804, torí ọ̀pọ̀ wọn ń fi eré kan bá ẹgbẹ́ FCS gbá. Nínú eré mọ́kànlá tó yẹ kó wáyé, mẹ́wàá ni ẹnikẹ́ni kò gbá. Bọ́ọ̀lù yìí sì le débi pé ara àwọn ọmọ náà kò lè gba ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àìpàdánù nínú líìgì kan kì í ṣe òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú àìpàdánù nínú líìgì mìíràn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe ìdájọ́.

Ní sáà 1998 sí 2013, BCS, ètò tó pa ìbò pọ̀ mọ́ ìṣirò kọ̀ǹpútà, ló mú ẹgbẹ́ méjì wọ àṣekágbá, àwọn èèyàn sì ṣì ń sọ títí dòní pé kọ̀ǹpútà ló bà á jẹ́. Lóòótọ́, ní 2003, ìbò méjèèjì fi USC sí ipò kìíní, ìṣirò sì fi Oklahoma àti LSU wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kansas State ti na Oklahoma 35 sí 7 nínú àṣekágbá líìgì rẹ̀. LSU gba ife BCS, AP fi oyè tirẹ̀ fún USC. Ṣùgbọ́n láti 2004, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ti kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni, wọ́n á yọ iye tó ga jù àti èyí tó kéré jù kúrò, wọ́n á wá pín mẹ́rin tó kù dọ́gba. Ọdún yẹn gan-an ni Auburn borí gbogbo eré rẹ̀ tí wọn kò sì mú un, àwọn oníròyìn àti àwọn kóòṣì fúnra wọn ló sì fi í sí ipò kẹta.

Àbùkù kọ̀ǹpútà tó yẹ kó dun èèyàn ni pé márùn-ún nínú mẹ́fà kò fi ìṣirò wọn hàn pátápátá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Colley nìkan ló wà níta fún gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà lóde fi lè rí i ní 2010 pé eré kan ṣoṣo, Appalachian State àti Western Illinois, kò sí nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi kún un, LSU àti Boise State pààrọ̀ ipò kẹwàá àti ìkọkànlá. Bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá wà nínú márùn-ún tó kù, ta ni ì bá rí i?

Láti sáà 2014, ìgbìmọ̀ CFP, ìdíje tó rọ́pò BCS, ló ń yan àwọn tó máa wọlé, ènìyàn 13 ni wọ́n sì ń yàn sínú rẹ̀. Wọn kì í lo ìṣirò kankan tó dè wọ́n. Kálukú á kọ orúkọ ẹgbẹ́ 30. Èyí tí ènìyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ kọ ni wọn á gbé yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, kálukú á mú mẹ́fà tó dára jù. Mẹ́fà tí ìbò bá pọ̀ fún jù ni wọn á tò ní ẹsẹẹsẹ, mẹ́ta àkọ́kọ́ á jókòó sí ipò wọn, mẹ́ta tó kù á dúró de ìpele tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọn á ṣe títí àtẹ á fi kún. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ bá kàn á jáde kúrò nínú yàrá.

Ètò yìí mọ́gbọ́n dání, àmọ́ ó fi àyè ńlá sílẹ̀ fún èrò ọkàn. Ní 2022, TCU pàdánù àṣekágbá líìgì rẹ̀, wọ́n mú un. Ó sì na Michigan 51 sí 45, Michigan tí ọmọ wa Olusegun Oluwatimi ti gba ẹ̀bùn Outland àti Rimington lọ́dún náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Florida State borí eré 13 láìpàdánù, ó gba líìgì rẹ̀, wọ́n sì fi í sí ipò karùn-ún nígbà tí àyè mẹ́rin péré wà. Jordan Travis, ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, ti farapa, òfin ìgbìmọ̀ sì gbà kí wọ́n wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lójú wa, ìyẹn kò tọ́: ohun tí ẹgbẹ́ ti ṣe lórí pápá ló yẹ kó ṣíwájú ohun tí a rò pé yóò ṣe.

Ẹgbẹ́ 12 ni wọ́n ń mú láti sáà 2024. Ní 2024 àti 2025, olúborí líìgì márùn-ún tí ipò wọn ga jù ni, àti méje mìíràn. Àtúnṣe gidi ni, torí irú Florida State yẹn kò ní jókòó síta mọ́. Ohio State tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìkẹjọ ló gba ife, ó na Notre Dame 34 sí 23. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́rin tí wọ́n ní kó sinmi ní ìpele àkọ́kọ́ ló pàdánù eré tó kàn. Olúborí líìgì nìkan ni wọ́n fi àyè ìsinmi náà sílẹ̀ fún, débi pé Arizona State tó wà ní ipò kejìlá lórí àtẹ di ìkẹrin. Wọ́n yí ìyẹn padà ní 2025, ipò orí àtẹ ni wọ́n ń tẹ̀ lé báyìí.

Àríyànjiyàn kàn ṣí kúrò ní ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn ni. Ní 2024, SMU tó pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ipò kẹwàá, Alabama tó pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹta, tí eré rẹ̀ sì le jù, gba ìkọkànlá, ó sì jókòó síta, torí àwọn olúborí líìgì tí ipò wọn kéré sí tirẹ̀ ló gba àyè tó kù. Ó ṣeé ṣe kí ọlọ́gbọ́n méjì wo ìwé kan náà kí wọ́n sì ya ọ̀nà. Ohun tí kò yẹ ni pé ìbò oníròyìn AP kọ̀ọ̀kan wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, tí ti ìgbìmọ̀ tó ń pín ipò tó ń mú owó ńlá wọlé sì wà ní ìkọ̀kọ̀. Kí wọ́n tẹ ìbò ìkẹyìn wọn jáde, orúkọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí kálukú yàn, ní ọjọ́ tí wọ́n bá kéde ẹgbẹ́ 12.