Ìgbà Wo Ni Mo Rí I Kẹ́yìn?

Ìbéèrè: Ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sọ fún ìyá tó máa ń ta gàrí fún mi pé kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí a ríra. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọjọ́ tí ẹ ń ná àgbò Iléyá ni o.” Iléyá yẹn sì ti lé ní oṣù mẹ́rin! Kí ló fa irú àṣìṣe yìí, nígbà tó jẹ́ pé gèlè aláwọ̀ osùn tó wé lọ́jọ́ náà ṣì wà lójú mi kedere?

Ìdáhùn: Gèlè yẹn gan-an ló tàn yín jẹ. Ọpọlọ kì í lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sára ohun tí a rí. Bí ìrántí bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ni a fi ń díwọ̀n: èyí tó ń dán, a ó ní kò pẹ́, èyí tó ti ṣú, a ó ní ó ti pẹ́. Òṣùwọ̀n náà wúlò díẹ̀, nítorí ìgbàgbé máa ń yára níbẹ̀rẹ̀ kí ó tó falẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti fi ara rẹ̀ dán an wò, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885. Ṣùgbọ́n ohun tó wu ojú kì í tètè ṣú, nítorí náà a máa ń fà á súnmọ́ òní.

Ìbéèrè: Báwo wá ni ìyá náà ṣe mọ̀ ọ́n?

Ìdáhùn: Kò díwọ̀n rárá; àgbò ló rántí, àgbò sì ní àsìkò tirẹ̀. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń tọ́ni sọ́nà: nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1986, ó ku díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan, William Friedman, bi àwọn ènìyàn níbẹ̀ léèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n súnmọ́ wákàtí rẹ̀ dáadáa, àmọ́ wọ́n ṣi oṣù rẹ̀ gbé. Bó bá jẹ́ pé jíjìnnà ọjọ́ nìkan ni a fi ń mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ oṣù kò ní lè mọ wákàtí. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹnìkan wà lẹ́nu rẹ̀ lè sọ wákàtí fún un, kó má sì sọ ohunkóhun nípa oṣù.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo fún àwa Ìjẹ̀bú tí a ń fi Iléyá àti Ojúde Ọba, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, ka ọjọ́: Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé Iléyá ọdún wo ni.