Ìtàn Bí Kòkòrò Ibà Ṣe Di Alágídí sí Oògùn: Ẹ Bi Odò Ọya

Bùràsíìlì ni àwọn onímọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, níbi tí quinine, oògùn ibà tí wọ́n ń yọ lára èèpo igi, ti kọ́kọ́ kùnà ní nǹkan bí ọdún 1910. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló sọ quinine di oògùn ojoojúmọ́? Ẹ wá sí Lọ́kọ́ja. Ní 1841, ibà pa àwọn òyìnbó tó gba Odò Ọya wá ní ìpakúpa. Ní 1854, Baikie, dókítà ará Skọ́tláńdì, kó èèyàn sínú ọkọ̀ Pleiad, ó ń fún wọn ní quinine lójoojúmọ́, òyìnbó kankan ò sì kú. Lọ́dọ̀ wa níbí ni ó wá tẹ̀dó sí lẹ́yìn náà.

Kí Baikie tó dé ńkọ́? Àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀, Bùnú, Ìjùmú, Ọ̀wẹ́ àti Yàgbà ti ń se àgbo tiwọn: èèpo ahùn, ewé oruwo, awọ́pa. (Dóńgóyárò tí ẹ ń pariwo rẹ̀ yẹn, àlejò láti Íńdíà ni.) Ìyá àgbà wo ló ń se igi kan ṣoṣo? Àbá tèmi ni pé àdàlù yẹn ni kò jẹ́ kí kòkòrò ráyè kọ́ ọgbọ́n.

Àwọn kan ní ara èèyàn ló ń mọ oògùn lára. Irọ́ ni, kòkòrò ló ń yí padà. Wọ́n lè ju bílíọ̀nù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan, bí wọ́n sì ti ń bí sí i ni àṣìṣe ń wọ àbùdá wọn. Èyí tí àṣìṣe tirẹ̀ bá jẹ́ kó lè máa ti chloroquine, oògùn ibà tó dé lẹ́yìn quinine, jáde kúrò nínú ikùn rẹ̀, oògùn á pa ẹgbẹ́ rẹ̀, á fi òun sílẹ̀, ẹ̀fọn á sì gbé ọmọ rẹ̀ kiri. Ẹni tó ra ààbọ̀ oògùn ní kẹ́mísì, tó jáwọ́ nígbà tí orí fífọ́ lọ, ó ń bá a tọ́mọ ni.

Ìyókù ò gùn. Jámánì ṣe chloroquine, tó máa ń yún wa lára, ní 1934. Ó kùnà ní ààlà Táílàńdì àti Kàǹbódíà ní òpin àwọn ọdún 1950, agídí náà dé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1978, Nàìjíríà sì pa á tì ní 2005. Màláwì ti fi í sílẹ̀ láti 1993, kòkòrò tí chloroquine lè pa sì padà gba orílẹ̀-èdè náà. Artemisinin, oògùn tí Tu Youyou ará Ṣáínà ṣàwárí, la ń lò báyìí, wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ òmíràn, gẹ́gẹ́ bí àgbo wa. Síbẹ̀ Rùwáńdà àti Yùgáńdà ti rí kòkòrò tó ń di alágídí sí òun náà.