Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Síìlì, Ẹ Wo Imú Rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alájì kan gbé Hilux rẹ̀ wá bá mi láàárín oṣù méjì. Hilux ọdún 1994 ni, ó ń kó kòkó láti inú oko bọ̀ sí títì, tí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, inú ẹrẹ̀ ló ń gbé. Ọ́ìlì ń kán lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo rí i pé síìlì iwájú dífárẹ́ńṣà, òrùka rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ti rin gbindin, mo pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi padà dé. Mo ní ayédèrú síìlì ni wọ́n tà fún mi, mo ra òmíràn, mo tún pààrọ̀. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, Alájì ò bá mi jà. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, àbí ìkòkò tó ń hó lẹ fi aṣọ dí lẹ́nu ni?"

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe o, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Dífárẹ́ńṣà ni ikùn irin róbótó tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Òun ló ń gba agbára lọ́wọ́ pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀, tó ń pín in fún táyà ọ̀tún àti ti òsì. Jíà àti bérìn (òrùka irin tó ń jẹ́ kí jíà máa yí geere) ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì tó ki. Bí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì wú, á máa wá ibi tó máa gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi ṣe ihò kékeré kan sí òkè páìpù ásù, èyí tó lọ láti ikùn náà dé ìdí táyà, wọ́n fi ìdérí tó kéré ju ọmọrí ìgò mínírà lọ bò ó. Bírídà ni wọ́n ń pè é. Èmi máa ń pè é ní imú, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi má bàa gbàgbé ohun tó wà fún. Bí imú bá dí, afẹ́fẹ́ gbígbóná á fi tipátipá gba ẹnu síìlì jáde, á sì gbé ọ́ìlì dání.

Ti Alájì yìí, kì í tiẹ̀ ṣe ẹrẹ̀ ló dí i. Ó ti gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà kan, wọ́n bá a fọ́n ọ̀dà dúdú sí gbogbo abẹ́ rẹ̀ nítorí ìpata. Ọ̀dà yẹn ti gbẹ mọ́ bírídà bíi símẹ́ǹtì. Nígbà tí mo tú u bí ọkọ̀ ṣe ń gbóná, ó dún fíìì bí ìgbà tí fọkánáísà bá yọ fáàfù táyà. Ojú tì mí. Síìlì méjì ni mo ti fi ṣòfò.

Torí náà, bí ẹ bá rí ọ́ìlì lábẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọ́ìlì tó jẹ́. Jíà ọ́ìlì, èyí tó wà nínú dífárẹ́ńṣà, ki, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé; ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n wọ aṣọ iṣẹ́ wọ yàrá. Ọ́ìlì bíréèkì fẹ́lẹ́ ní tirẹ̀, kì í rùn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ kán an sínú abọ́ omi: ti bíréèkì á pò mọ́ omi, jíà ọ́ìlì á léfòó lókè. Ọ́ìlì ẹ́ńjíìnì náà lè jò láti iwájú kí atẹ́gùn gbé e dé ẹ̀yìn, kí ẹ wá máa bú dífárẹ́ńṣà tí kò ṣẹ̀.

Atẹ́gùn yẹn ló ń tan mẹkáníìkì jẹ jù. Ibi tí ọ́ìlì ń kán sí kọ́ ni ibi tó ti ń jò. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ á gbé e sẹ́yìn, ilẹ̀ á sì fà á wálẹ̀, títí gbogbo ikùn irin náà á fi dúdú. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ẹ fi omi ọṣẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá wa ọkọ̀ náà bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ padà wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibi tó ga jù, tó sì súnmọ́ iwájú jù nínú ibi tó tutù, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ibi tó máa ń jẹ́ ò pọ̀. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì tàbí èyí tí wọ́n ti ń tú u jáde. Wáṣà tuntun ló fẹ́. Ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí dífárẹ́ńṣà (ibi tí jíà so mọ́) àti ilé rẹ̀. Ti Hilux, iwájú ni orí náà ti ń jáde. Ti Jeep Cherokee, ìdérí kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń tú. Àmọ́ síìlì méjì ló máa ń fa wàhálà jù: ti iwájú níbi tí pùròpẹ́là ti so mọ́ ọn, àti ti ìdí táyà.

Ti ìdí táyà ni kí ẹ bẹ̀rù. Ọ́ìlì rẹ̀ kì í kán sílẹ̀ kíákíá, inú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì ló ń lọ. Ẹ á rí i pé inú rímù kan dúdú, tàbí pé ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Bíréèkì ṣúù tó ti mu jíà ọ́ìlì, ẹ jù ú nù. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi bẹntiróò fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún fi sándípépà họ ojú rẹ̀. Bí ó bá ti gbóná, ọ́ìlì tó ti wọnú rẹ̀ á tún sun jáde, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sì máa ń yàn láti ṣe é.

Síìlì iwájú nílò ọwọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ fi igi di táyà, ẹ gbé ọkọ̀ sórí sítáńdì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Kí ẹ tó tú pùròpẹ́là, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà la òun àti fúláǹjì (irin tí wọ́n so ó mọ́ lẹ́nu dífárẹ́ńṣà) kọjá, kí wọ́n lè padà síbi tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà, ẹ di fúláǹjì náà mú, ẹ mì ín sókè sódò. Bí ó bá ń yẹ̀, bérìn ló ti jẹ, síìlì tuntun kankan ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá yẹ̀, ẹ sàmì sí nọ́ọ̀tì ńlá àárín, ẹ ka iye ìgbà tó yí kó tó jáde. Ní ọ̀pọ̀ dífárẹ́ńṣà, òrùka irin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fún pọ̀ bí a bá ṣe ń dè é, tí kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ aláfẹ́fẹ́ dè é gbirigbiri ti fún bérìn lọ́rùn. Kò ní pẹ́ tí dífárẹ́ńṣà á fi máa hu lójú ọ̀nà. Kí nọ́ọ̀tì padà sójú àmì rẹ̀, kó kọjá rẹ̀ bíi fífẹ̀ irun, ó ti tó.

Ẹ fi èékánná ra ojú fúláǹjì náà níbi tí síìlì ti ń fi ara kàn án. Bí ẹ bá rí i pé ó ti gbẹ́ ibẹ̀ bí ojú okùn lẹ́nu kànga, síìlì tuntun á máa jò láti ọjọ́ kìíní. Ẹ lè gbá síìlì wọlé díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ètè rẹ̀ lè kan ibi tó ń dán, tàbí kí ẹ wá fúláǹjì tòkunbọ̀ ní ọjà Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládipọ̀ l'Ékòó. Fúláǹjì tòkunbọ̀ ò burú. Síìlì tòkunbọ̀ ni mi ò ní bá yín fọwọ́ sí láé.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú ọ́ìlì, nọ́ọ̀tì òkè tí wọ́n ti ń dà á sí ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Sípánà 24 ló ń gbà lórí Hilux. Mo ti rí ẹni tó tú gbogbo ọ́ìlì dànù tán kó tó mọ̀ pé ti òkè ti dípẹtà mọ́bẹ̀. Ẹ wo ohun tó jáde. Bí ó bá funfun bíi tíì oní mílíìkì, omi ti wọlé, imú náà ló sì máa ń fà á: irin gbígbóná tó wọ odò á tutù lójijì, á mí sínú, bírídà tó dí ò ní jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́ fà, omi ni síìlì á gbà wọlé. Lẹ́búlẹ́bú irin rírọ̀ ò burú. Èyí tó bá rí bí eyín tó kán, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ tú orí rẹ̀ wò.

Jíà ọ́ìlì 80W-90 tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni kí ẹ dà sí i, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, títí yóò fi máa ṣàn jáde lẹ́nu ihò náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́m kún un.

Alájì ò sanwó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, mi ò sì bi í. Mo yọ bírídà náà dànù, mo fi ọ́ọ̀sì rọ́bà sí ojú ihò rẹ̀, mo fà á gba ara férémù lọ sẹ́yìn iná ẹ̀yìn, níbi tí ẹrẹ̀ àti ọ̀dà ò lè dé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, nǹkan mìíràn ló tún gbé e wá. Mo tanná sábẹ́ ọkọ̀ kí n tó bi í ohun tó ń ṣe é: eruku gbígbẹ ló wà lára dífárẹ́ńṣà.