Eré ìtàgé àdúgbò láti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Eré ìtàgé àdúgbò ni eré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ọ̀rọ̀ tó ń jẹ àdúgbò wọn lọ́kàn ṣe, lójú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an: ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, ní ojúde, nínú ọgbà iléèwé. Wọn kì í gba owó ìwọlé.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì ní Ilé-Ifẹ̀. Ọlá Rótìmí, òǹkọ̀wé eré, ló darí ẹgbẹ́ eré Orí Olókun tí Yunifásítì Ifẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1968. Àárín ìlú ni ẹgbẹ́ náà fìdí sọlẹ̀ sí, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì, ará ìlú sì wà lára àwọn òṣèré. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ Wọlé Ṣóyínká, ikọ̀ kan ń gbé eré kéékèèké tó bẹnu àtẹ́ lu ìjọba jáde sí gbangba. Àmọ́ ìwòran ṣì ni ti èrò nígbà náà. Ìlànà tó sọ òǹwòran di òṣèré wá láti ọwọ́ Augusto Boal, adarí eré ìtàgé ará Brazil, ní àwọn ọdún 1970. Ìlànà yìí ni eré àdúgbò ń tẹ̀lé.

Kí eré tó wáyé, àwọn ọ̀dọ́ náà á kọ́kọ́ rí olóyè àdúgbò, àti ìyálọ́jà bó bá jẹ́ ọjà. Òbí gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Òṣèré 6 sí 10 ti tó, fún eré ìṣẹ́jú 20 sí 30. Wọn kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ibi rìhásà ni wọ́n ti ń hun ún.

Ibi tí wàhálà bá ti le jù ni eré ti ń dúró. Ká ní bàbá kan fẹ́ yọ ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò níléèwé: ọmọ bẹ̀bẹ̀, bàbá kọ̀, ìyá dákẹ́, ó parí. Adarí á wá bi èrò pé kí ni wọn ì bá ṣe. Wọ́n á tún eré náà bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ní èrò á kígbe “Ẹ dúró!”, á sì bọ́ sípò ọmọ tàbí ìyá. Wọn kì í jẹ́ kó gba ipò bàbá, torí pé bí bàbá bá ṣàdédé yí padà, kò sẹ́ni tó kọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ń ṣe bàbá ló níṣẹ́ jù: kò gbọ́dọ̀ tètè gbà, kò sì gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀bẹ̀ tó mọ́gbọ́n wá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí àwọn ọ̀dọ́ fi ìwàásù parí eré. Èrò á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì lọ sílé. Òmíràn ni kí ìtàn jọ ti ìdílé kan tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da ìtàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀. Owó olóṣèlú náà léwu: bí fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú bá ti dé orí òṣèré, ìpolongo ìbò ni èrò rò pé àwọn ń wò.

Ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, tí ìjà 1997 sí 2000 pín níyà, ẹ̀ka èdè pàápàá ń gbè sí ẹ̀yìn ẹnì kan. Bí ọ̀daràn inú eré bá ń sọ ẹ̀ka èdè Ifẹ̀, tàbí tó ń fọhùn bí ará Ọ̀yọ́, níbi tí baba ńlá àwọn ará Modákẹ́kẹ́ ti wá, ìdajì èrò ti bínú kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ikọ̀ tó mòye a máa kó òṣèré láti ìhà méjèèjì, a sì máa pààrọ̀ ẹni tó ń ṣe ọ̀daràn láti ibi eré kan sí òmíràn.