Ibi tí owó kọ̀ǹpútà ti ń padà wọlé

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ńlá kan ní Ìdúmọ̀tà, ẹ ó bá kọ̀ǹpútà lórí káńtà. Lábẹ́ káńtà kan náà, ẹ ó bá ìwé gbọọrọ tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń kọ ọjà sí kó tó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ kan ti di méjì. Nígbà tó bá dalẹ́ tí ìṣirò méjèèjì kò bára mu, ìwé ni wọ́n máa gbà gbọ́. Ohun tó wá ń dunni ni pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń dá lẹ́bi, wọ́n á tún lọ ra tuntun ní Computer Village.

Lọ́dún 1987, Robert Solow, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ti kíyè sí i pé kọ̀ǹpútà wà níbi gbogbo àfi nínú ìṣirò èrè iṣẹ́. Ní 1990, Paul David, onímọ̀ ọrọ̀ ajé bíi tirẹ̀, fi ìtàn iná mànàmáná ṣàlàyé rẹ̀. Láyé ẹ̀ńjìnnì olóoru, ọ̀pá irin gígùn kan ló ń yí lókè àjà fàkìtọ́rì, bẹ́líìtì ló sì ń gbé agbára rẹ̀ wá sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀pá bá gbà ni wọ́n ń to ẹ̀rọ sí. Nígbà tí iná dé, ọ̀pọ̀ fàkìtọ́rì kàn fi mọ́tọ̀ ńlá rọ́pò ẹ̀ńjìnnì, wọ́n fi ọ̀pá àti bẹ́líìtì sílẹ̀ bó ṣe wà. Èrè kò yọ. Ó tó nǹkan bí 1920 sókè, tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ní mọ́tọ̀ tirẹ̀, tí wọ́n sì tún ilé tò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kó tó jáde.

Ìwé abẹ́ káńtà ni ọ̀pá irin Ìdúmọ̀tà. Èyí tó tún le ju ìwé lọ ni àṣẹ. Oníbàárà á ní, “Ẹ bá mi dín in kù,” ọmọ ṣọ́ọ̀bù á ké sí Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù, Alhaja á dá iye kan láti ẹ̀yìn, iye yẹn kò sì ní dé inú kọ̀ǹpútà láé. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yanjú, Alhaja ti fi iye ìkẹyìn tí wọ́n lè gbà sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń tà lè dín in dé ibẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni, orúkọ rẹ̀ á sì wà lára ohun tó dín. Ọjà tó bá dé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń kà á wọlé. Àwọn olùwádìí méjì, Erik Brynjolfsson àti Lorin Hitt, rí ohun tó jọ ọ́ láàárín àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà: àwọn tó ra kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì fi àṣẹ lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ló ń jèrè jù.

Rìsíìtì tó ń yára jáde kọ́ ni èrè gidi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kọ̀ǹpútà á lè sọ léèsì tó ti sùn sórí pẹpẹ, Alhaja kò sì ní fowó ra irú rẹ̀ mọ́. Ìṣòro ètò yìí ni pé àdánù ni oṣù àkọ́kọ́ máa ń jọ: àwọn ọmọ ṣì ń kọ́ ọ, títà ń falẹ̀, oníbàárà ń kùn. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń fa ìwé yọ padà.