Bí wọ́n ṣe ń máàkì ìjà ẹ̀ṣẹ́ àtijọ́, ráúńdì kan lẹ́ẹ̀kan

Tí ẹ bá jókòó ti àwọn tó fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé wọ́n rẹ́ Marvin Hagler jẹ ní 1987, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, Sugar Ray Leonard ló na án, bí wọ́n ṣe ń fà á bọ̀ látọdún yẹn nìyẹn tí ò tán. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn wá ń ṣe ni pé wọ́n á wá fídíò ìjà náà jáde, wọ́n á mú bírò àti ìwé, wọ́n á fúnra wọn ṣe adájọ́. Ó jọ eré ọmọdé, àmọ́ ẹni tó bá gbìyànjú ẹ̀ dáadáa á rí i pé ojú tí wọ́n fi ń máàkì ìjà kọ́ ni ojú tí wọ́n fi ń gbádùn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìṣirò kúrò ńlẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ráúńdì gba 10, ẹnì kejì gba 9. Tí ẹ̀ṣẹ́ bá gbé ẹnìkan ṣubú ó sábà máa ń di 10-8, tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì 10-7. Tí rẹfirí bá ní kí wọ́n yọ pọ́íńtì lára ẹnìkan torí pé ó ń gbá ẹni ẹlẹ́ni lábẹ́ bẹ́líìtì, wọ́n á kọ́kọ́ máàkì ráúńdì náà bó ṣe rí, kí wọ́n tó yọ ọ́. 10-10 wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn adájọ́ kì í fẹ́ lò ó, wọ́n gbà pé tí èèyàn bá lajú sílẹ̀ á rí ẹni tó fi díẹ̀ bíńtín ju ẹnì kejì lọ. Tí ráúńdì 12 bá pé láìsí pé ẹnìkan sùn sílẹ̀, wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ó parí.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé ẹni tó fi jab (ẹ̀ṣẹ́ tààrà tí wọ́n ń fi ọwọ́ iwájú jù) méjì péré jẹ ráúńdì kan gba 10-9, ẹni tó lu ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lálùbami fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ìyẹn ò sì ṣubú, 10-9 náà ló sábà máa ń gbà. Torí ẹ̀ ni ìjà kan fi lè wà tó jẹ́ pé ẹni tí ojú ẹ̀ wú tí ẹ̀jẹ̀ bò ló wọlé, tí gbogbo ilé á sì pariwo olè.

Ẹ wo ti Deontay Wilder àti Tyson Fury ní Los Angeles, December 2018, tó parí sí ọ̀mì. Fury ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ní ráúńdì 9 àti ráúńdì 12. Adájọ́ kan kọ 115-111 fún Wilder, èkejì kọ 114-112 fún Fury, ẹ̀kẹta kọ 113-113, làwọn èèyàn bá ní ṣé ìjà kan náà ni wọ́n wò. Ẹ tú u palẹ̀ ẹ wò ó. Ẹni tó kọ 114-112 yẹn fún Fury ní ráúńdì mẹ́jọ, ó fún Wilder ní mẹ́rin, ìṣubú méjèèjì ló gé àlàfo pọ́íńtì mẹ́rin kù sí méjì. Ẹni tó kọ 113-113 fún Fury ní ráúńdì méje nínú 12, síbẹ̀ ọ̀mì ló bọ́ sí. Ẹni tó ní Wilder ló jẹ náà, méje sí márùn-ún ni tiẹ̀. Àárín ẹni tó ní ọ̀mì àti ẹni tó ní Wilder jẹ gaan, ráúńdì méjì péré ló wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá ń máàkì nílé gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò yìí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú adájọ́.

Kí ni wọ́n wá ń wò nínú ráúńdì? Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n máa ń kà: ẹ̀ṣẹ́ tó mọ́ tó sì wọlé, ìkọlù tó ń so èso, ẹni tó ń darí ibi tí ìjà ń gbà, àti bí èèyàn ṣe mọ ẹ̀ṣẹ́ yẹ̀ sí. Lójú tèmi o, àkọ́kọ́ yẹn ló ni ìjà, àwọn mẹ́ta tó kù, ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá dọ́gba ni kí èèyàn tó pè wọ́n. Ibi tó ti máa ń dojú rú ni ìkọlù. Ẹni tó ń rìn bọ̀ wá síwájú máa ń jọ ẹni tó ń borí, bẹ́ẹ̀ tó bá ń rìn bọ̀ tó sì ń fi ojú gba ẹ̀ṣẹ́, ṣe ló ń rin ìrìn àjò lọ sínú ìyà. Julio César Chávez àti Pernell Whitaker, September 1993, ní San Antonio, ìjà tó yẹ kí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn nìyẹn. Èrò tó lé ní 50,000 wà ńbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀ lé Chávez, gbogbo ìgbà tó bá ju ẹ̀ṣẹ́ ni pápá ń mì, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ ọ̀hún afẹ́fẹ́ ló ń gbá, Whitaker á ti tẹ̀ ba, á ti yí, á fi jab kí i lẹ́nu. Adájọ́ méjì ní 115-115, ọ̀kan ní 115-113 fún Whitaker, ló bá di ọ̀mì. Àwọn tó wò ó lónìí tí wọ́n pa ohùn ẹ̀ kì í sábà rí ọ̀mì kankan níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí pípa ohùn fi jẹ́ òfin àkọ́kọ́. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìjà, wọ́n ti mú ẹni tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n bá ti ń sọ pé "ó tún gbá a o!" lẹ́ẹ̀kẹwàá, ojú ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tí ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tí agogo bá ti dún, ẹ dá fídíò dúró, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ kí wọ́n tó fi àwòtúnwò hàn, torí ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta tó dùn ún wò jù ni wọ́n máa ń mú fún àwòtúnwò, tó bá jẹ́ ti ẹnìkan náà lẹ̀ẹ́mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti bà yín lórí jẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì padà lọ yí i. Lọ́pọ̀ ibi ṣe ni wọ́n ń gba bébà adájọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn ráúńdì kọ̀ọ̀kan, kò láǹfààní àtirò pé "ah, mo ti fún ọ̀gbẹ́ni yìí ní mẹ́rin léra, jẹ́ kí n bá ẹnì kejì náà ṣe é."

Nǹkan kan wà tí pípa ohùn ò lè wò sàn: ẹ ti mọ ẹni tó wọlé. Tí èèyàn bá ti gbọ́ pé wọ́n rẹ́ ẹnìkan jẹ, ojú ìrẹ́jẹ ló máa fi wo ráúńdì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ọgbọ́n tí àwọn kan ń ta sí i ni kí wọ́n wo ráúńdì náà láìtẹ̀léra, wọ́n á mú 8, wọ́n á lọ sí 3, wọ́n á bọ́ sí 11, kí ìtàn ìjà yẹn má baà gbé wọn lọ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, kò gba adùn ìjà mọ́ ẹ lọ́wọ́ tán pátápátá.

Ojú ibi tí èèyàn jókòó sí náà wà ńbẹ̀. Apá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn adájọ́ mẹ́ta máa ń jókòó sí, tí ẹ̀yìn akànṣẹ́ kan bá kọ sí ẹ, o ò lè rí bóyá ẹ̀ṣẹ́ yẹn bá àgbọ̀n àbí ìbọ̀wọ́. Nígbà tí Lennox Lewis àti Evander Holyfield ta ọ̀mì ní New York, March 1999, ráúńdì 5 ni Lewis ti Holyfield mọ́ okùn tó ń rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́ lé e, adájọ́ kan sì fún Holyfield ní ráúńdì náà. Nígbà tí wọ́n gbé fídíò ẹ̀ kalẹ̀ fún un lẹ́yìn náà, òun fúnra ẹ̀ gbà pé pẹ̀lú ohun tóun rí níbẹ̀, Lewis lòun ì bá fún. CompuBox, àwọn tó ń ka ẹ̀ṣẹ́, ka 348 tó wọlé fún Lewis, 130 fún Holyfield. Àmọ́ ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú nọ́ńbà wọ̀nyẹn, àwọn èèyàn ló ń tẹ bọ́tìnì bí wọ́n ṣe ń wò ó, iye lápapọ̀ ò sì sọ ráúńdì wo ni wọ́n ti wọlé.

Ẹ padà sí Hagler àti Leonard wàyí. Bí ọlọ́wọ́ òsì ni Hagler sábà máa ń jà, ló bá lọ bẹ̀rẹ̀ ìjà náà bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi àwọn ráúńdì ìbẹ̀rẹ̀ ṣòfò (kí ló kó sí i lórí gan-an?). Leonard ní tiẹ̀ á sáré kiri, tí ráúńdì bá kù bí ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdì á tú ẹ̀ṣẹ́ pẹ́pẹ́-pẹ́pẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò dun èèyàn, àmọ́ òun lèèyàn rántí nígbà tí bírò bá kan bébà. Adájọ́ kan fún Hagler ní 115-113, ọ̀kan fún Leonard ní 115-113, ẹ̀kẹta kọ 118-110 fún Leonard. Méje sí márùn-ún síhìn-ín, méje sí márùn-ún sọ́hùn-ún, méjèèjì ṣeé gbà. Mẹ́wàá sí méjì yẹn ni ẹnikẹ́ni ò tíì rí àlàyé ṣe sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Leonard jí ráúńdì, kó pín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́ta lórí ìwé, kó kọ ẹni tó ni ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, á yà á lẹ́nu.

Ìjà tó bá ti pẹ́ gan-an, òfin ìgbà náà ni kí ẹ fi máàkì ẹ̀. Ráúńdì 15 ni ìjà bẹ́líìtì àgbáyé máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí Duk Koo Kim tó kú lẹ́yìn ìjà òun àti Ray Mancini ní November 1982, tí WBC, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń fúnni ní bẹ́líìtì àgbáyé, wá gé e sí 12, táwọn yòókù náà tẹ̀ lé wọn. Joe Frazier àti Muhammad Ali ní March 1971, iye ráúńdì lásán ni wọ́n kà ní New York, 11-4, 9-6, 8-6 tí ọ̀kan dọ́gba, Frazier ló jẹ gbogbo ẹ̀. Úùkù (ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń tẹ ìgùnpá gbá láti ẹ̀gbẹ́) ọwọ́ òsì tó gbé Ali ṣubú ní ráúńdì 15, ráúńdì kan péré ló jẹ́ nínú ìṣirò yẹn, tí ẹ bá fi 10-8 òde òní máàkì ẹ̀, ẹ ti fún Frazier ní èènì tí ò sí nígbà náà.

Tí káàdì, ìyẹn bébà tí ẹ ń kọ máàkì sí, bá ti kún, àròpọ̀ kọ́ ni kí ẹ máa fi wéra, ráúńdì ni. Ẹ kó káàdì ẹni mẹ́rin márùn-ún jọ, ẹ máa rí i pé ráúńdì bíi mẹ́jọ lẹ ti fẹnu kò sí, ìyókù mẹ́rin lẹ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, gbogbo ariwo ọdún gbọọrọ yẹn inú mẹ́rin ọ̀hún ló wà. Àwọn yẹn nìkan ni kí ẹ padà lọ wò.